Ta Ló Ṣí Aṣọ Lójú Nọ́ńbà?

"Màmá, wọ́n ní èmi ni mo ṣí i."

Tolúlàṣẹ ló wí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Òjò ń kán sílẹ̀ lára kóòtù rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ṣì wà lẹ́sẹ̀. Bàtà yẹn ni Tóyìn Ọlájídé kọ́kọ́ rí. Látìgbà tí ọmọ yìí ti dé láti Ìbàdàn, tó gba yàrá ìsàlẹ̀ ilé òun ní Hillcrest Heights, kò tíì fi bàtà tẹ táìlì òun rí. Ó pa iná lábẹ́ ẹ̀wà tó ń sè.

"Kí lo ṣí?"

"Mi ò ṣí nǹkan kan, mà."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn. Kí ni wọ́n ní o ṣí?"

"Aṣọ tó wà lójú nọ́ńbà wa."

Tóyìn fa àga kan fún un. Ọmọ náà kò jókòó. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà, ó fọwọ́ kan fíríìjì, ó tún gba ojú fèrèsé lọ bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Tóyìn n'Ìbàdàn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní Maryland níbí, lọ́yà kan ní Temple Hills ló máa ń bá tú ọ̀ràn tó bá ta kókó. Ó sanra díẹ̀, ó rẹwà púpọ̀, ó sì ní àṣà kan: bí ọ̀ràn bá ti wọ̀ ọ́ lára, orin ni yóò máa jáde lẹ́nu rẹ̀, orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, tí òun gan-an kò mọ ibi tó ti ń wá. Àwọn ọ̀daràn ìgbà yẹn mọ àṣà yìí dáadáa. Wọ́n á máa sọ fún ara wọn nínú àtìmọ́lé pé, bí o bá gbọ́ orin ìyá yẹn ní kọ́ríídọ̀, yáa jẹ́wọ́ kó tó dé ègbè.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Tóyìn wí. "Sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ìyá rẹ àgbà."

Tolúlàṣẹ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Yúróòpù, mà, tó gùn bí ẹni yí ìlú ńlá po. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń fi èérún kọlu èérún. Bí wọ́n bá kọlu ara wọn tán, èérún míì tó wúwo lè jáde níbẹ̀. Bárìọ́nì la ń pe èyí tí àwa ń wọ̀n. Kì í pẹ́ láyé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti túká."

"O ti fojú rí i rí?"

"Kò sẹ́ni tó ń rí òun fúnra ẹ̀. Àwọn ọmọ tó túká sí là ń rí. Wọ́n á sá, kálukú á gba ọ̀nà tiẹ̀. Àwa á wá tọ ipasẹ̀ wọn padà sẹ́yìn títí a ó fi dé ibi tí gbogbo ẹ̀ ti pàdé. Ibẹ̀ ni ìyá wọn parí sí. Bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ibi ìkọlù tó, àti bó ṣe ń sáré tó, la fi ń mọ iye tó lò láyé."

Ojú Tóyìn tàn. "Iṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Ẹ ò kàn wọ yúnífọ́ọ̀mù ni."

Tolúlàṣẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

"Aṣọ ńkọ́?"

"Ọkàn èèyàn ló fà á, mà. Ṣé ẹ rí i, a mọ nọ́ńbà tí àwọn tó ṣáájú wa rí. Bí tèmi bá yàtọ̀ sí i, mo lè máa wá àṣìṣe kiri títí tèmi á fi jọ tiwọn. Tó bá ti jọ báyìí, mo jáwọ́. Mi ò purọ́, ọkàn mi ló ń tì mí. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi máa ń fi nọ́ńbà àṣírí kan kún ìdáhùn wa. Èyí tí à ń rí lójoojúmọ́, irọ́ ni, gbogbo wa sì mọ̀ pé irọ́ ni. Aṣọ la sọ nọ́ńbà àṣírí yẹn. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí pátápátá, a ó pé jọ, a ó ṣí aṣọ, a ó jẹ kéèkì."

"Ẹnì kan sì ti yọjú wò ó kí ọjọ́ tó pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí, ọ̀gá wa, lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní National Harbor. Bí wọ́n ṣe ń mu tíì, ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ míì rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní, 'Mo gbọ́ pé ẹ ti rí ìdáhùn yín.' Wọ́n sáré padà wá bi kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní lóòótọ́, wọ́n ṣí aṣọ lọ́sàn-án Sátidé. Orúkọ mi ló ní ó ṣí i."

Ohùn rẹ̀ já. "Lọ́jọ́ Friday, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ tó wà lórí gbogbo wa. Bí wọn ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á da iṣẹ́ gbogbo wa nù. Tí wọ́n bá mọ ẹni náà, wọ́n á yọ ohun tó fọwọ́ kàn lẹ́yìn tó yọjú, iṣẹ́ á wà. Ṣùgbọ́n wọ́n á lé ẹni náà. Tí wọ́n bá lé mi, físà mi tẹ̀ lé e nìyẹn, mà. Màá padà sílé lọ́wọ́ òfo."

"Níbo lo wà lọ́sàn-án Sátidé?"

"Ìdánrawò akọrin, ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Tóyìn wò ó. Ó wò ó dáadáa, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ní òun ti wẹ̀. "Tolúlàṣẹ, ṣebí èmi àti ìwọ la jọ ń dúró ní ìlà kejì? Páìpù omi bẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìdánrawò."

Ọmọ náà bo ojú. Ìgbà yẹn ló tó jókòó. "MVA ni mo lọ, mà. Ìdánwò ọkọ̀ wíwà. Mo tún fẹ̀ẹ́lì."

"Ibo lo ti fẹ̀ẹ́lì?"

"Ibi kan náà. Ibi tí wọ́n ti ní kí n fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ọkùnrin tó ń dánni wò yẹn bá ti tẹjú mọ́ mi, ńṣe lọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Tóyìn kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tẹnu mọ́lẹ̀ kó má baà rín. "Tóò. Bóo bá wà ní MVA, o ò sí nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

"Kò parí, mà. Èèyàn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ yẹn lónìí kó ṣe é lọ́la. Ó lè ti orí bẹ́ẹ̀dì rán an. Orúkọ mi sì ni gbogbo wa ń lò, torí èmi ni mò ń fi iṣẹ́ gbogbo wa ránṣẹ́."

Ẹsẹ̀ Tóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ tábìlì. Ọ̀ràn tí ibi tí èèyàn wà kò wúlò nínú ẹ̀. Kò rí irú ẹ̀ rí.

*

Lórí òpópónà Beltway láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò kò dá, àwọn tírélà ń fọ́n omi sójú gíláàsì. Láàárín wọn ni orin ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu Tóyìn.

"Mo délé, n ò bá ìyá,
Ọmọ ló fọ́n sójú ọ̀nà.
Ọ̀kan gbalé, ọ̀kan gbako,
Ẹ dúró ná, ẹ wolẹ̀..."

Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó wá ègbè rẹ̀, kò rí i. Ó lu sítíárìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ilé iṣẹ́ wọn wà ní Greenbelt, nínú ilé bíríkì kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Metro. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin tó máa ń de táì bí ẹni de ẹrù ni, ṣùgbọ́n lónìí táì náà ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Tolúlàṣẹ ti sọ nípa yín. Ṣé òun ló rán yín wá?"

"Ẹ̀wà mi tí kò jinná ló rán mi. Àwọn wo ló lè lo orúkọ ọmọ yìí?"

"Àwa mẹ́rin péré. Tolúlàṣẹ, Stephanie, Ọládẹ̀jọ, àti èmi."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ yọjú?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀. "Èmi ni mo ra kéèkì, mà. Ó wà nínú fíríìsà. Ta ní í ra kéèkì de ohun tó ti mọ̀?"

"Ẹni tó gbọ́n."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú sí i, ó ní, "Òótọ́ ni."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ò bá mu tíì yín ní National Harbor kẹ́ẹ sì dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ gbé ariwo dé. Ta ni Stephanie?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, èdè wa ò fi bẹ́ẹ̀ dán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì láwọn ọjọ́ kan lọ́sẹ̀." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ní National Harbor, mà. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣe ìpàdé yẹn gan-an."

"Ehn-ehn. Ọládẹ̀jọ?"

"Ó ti gboyè dókítà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Òun ló dàgbà jù nínú wọn. Nọ́ńbà àtijọ́ tí a fi ń wo tiwa, òun ló wọ̀n ọ́n, nígbà tó ń kàwé gboyè náà nílẹ̀ òkèèrè. Òun ló kọ́ Tolúlàṣẹ níṣẹ́. Ó ti ń bẹ̀ mí látàárọ̀ pé kí n má lé ọmọ náà."

Tóyìn na ọrùn wo inú yàrá kejì. Tolúlàṣẹ wà níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí iná ń lé bọ̀. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó kù díẹ̀ tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lé. Bí Friday bá tiẹ̀ burú fún un, ó ní òun ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí."

*

Ní National Harbor, kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé àlejò yípo lẹ́bàá omi ń yí, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Òjò ti lé wọn lọ. Stephanie jókòó sí ìdí rẹ̀ nínú kóòtù hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń já bébà ife kọfí sí wẹ́wẹ́.

"Auntie, I swear, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn yẹn dé, mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá, finish."

"Àwọn ẹgbẹ́ míì yẹn sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì yín?"

"Gbogbo wọn."

"Ìwọ sì ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn, mà."

"Kí ló dé tóo wá ń já bébà?"

Stephanie wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kó bébà náà jọ sínú ife. Ohun kan wà tó ń lé ọmọ yìí kiri. Tóyìn ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó jí nǹkan, ó sì ti rí i lára àwọn tó lóyún. Ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yẹn yí.

"Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe manager," ni Stephanie sọ níkẹyìn. "Níbí. Full time. Mo ti gbà. Mo fẹ́ fi physics sílẹ̀, Auntie. Dádì mi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà ni mí. Wọ́n ti ń pè mí ní dókítà ní offering time."

"Ohun tóo ń fi pamọ́ ò ju ìyẹn lọ?"

"Ṣé ìyẹn kéré ni? Ẹ ò mọ Dádì mi."

Tóyìn fọwọ́ gbá a léjìká. Ẹni tó ti kó ẹrù rẹ̀ síta, kí ni yóò yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ fún? Ọ̀nà tó ti rò pé yóò yọ sílé ti kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ṣé wàhálà iṣẹ́ ọ̀hún ló lé ẹ?"

"Meetings, Auntie. Every Wednesday. Bọ̀dá Ọládẹ̀jọ á kàn máa da ìbéèrè bò wá. Ṣé ẹ ti yẹ èyí wò? Ṣé ẹ ti yẹ tọ̀hún wò? Bí ipasẹ̀ yẹn bá jẹ́ ti ọmọ ẹlòmíì ńkọ́? Ọdún méjì, ó ń lọ̀ wá bí ata." Ó rẹ́rìn-ín. "At least, ní Wednesday yìí, ó fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan. A parí kíá."

Tóyìn tó ti dìde tún jókòó.

"Kò bèèrè nǹkan kan?"

"Nothing. Ó kàn ń wo tábìlì."

*

Ní Greenbelt, Ọládẹ̀jọ dọ̀bálẹ̀ fún Tóyìn nínú kọ́ríídọ̀, tòun ti báàgì lọ́rùn. Ó gbé àga wá, ó nù ún. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó gùn bí òpó. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ bá wa bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n, mà. Tolúlàṣẹ kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Ta wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Wọ́n ní ìwọ lo kọ́ ọ níṣẹ́."

"Ó gbọ́n jù mí lọ. Ohun tí mo fi ọdún kan mọ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi mọ̀ ọ́n."

Tóyìn ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn. "Iṣẹ́ yín yìí, ó ku ibi tó yẹ kẹ́ẹ tún yẹ̀ wò?"

"Kò kù, mà. Iṣẹ́ náà dára. Ó ti parí."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ nípa òkú.

Tóyìn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn dé òpin kọ́ríídọ̀, ó yí padà, ó rìn dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó tún padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọkàn òun kò tíì balẹ̀. Tolúlàṣẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò títí di báyìí, tòun ti ọ̀bẹ lọ́rùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ó ti parí, ó sì jẹ́ ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Ẹni tí kò mọ̀nà ní í bèèrè ọ̀nà. Ẹni tó ti débẹ̀, kí ló tún fẹ́ bèèrè?

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, òun náà mọ̀. Ìgbìmọ̀ wo ni yóò gbà pé ọkùnrin kan jẹ̀bi torí pé ó dákẹ́ ní ìpàdé?

Ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

"Kéèkì yẹn," ni ó wí, "ẹ gbé e síta kó yọ́. Ẹ pè wọ́n jọ lọ́la, kẹ́ẹ tó jábọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣí aṣọ."

"Mà, a ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Ẹnì kan ti yọjú, ṣùgbọ́n aṣọ ṣì bò ó lójú àwa yòókù. Èmi gan-an kò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Mi ò ní kẹ́ẹ ṣí i. Ẹ yá mi létí."

Ó sọ ọ̀rọ̀ kúkurú kan sí i létí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí.

"Bí ó bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mo ti ba ti Tolúlàṣẹ jẹ́ ju bí mo ṣe bá a lọ," ni Tóyìn wí. Lọ́jọ́ náà kò jẹun, ẹ̀wà wà lórí sítóòfù bó ṣe wà, orin rẹ̀ sì ń yípo bí kẹ̀kẹ́ ẹ̀bá omi yẹn, kò dé ibì kankan.

*

Yàrá ìpàdé wọn kéré. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, ojú ògiri funfun kan tí wọ́n ń ta àwòrán sí, àti kéèkì náà, omi ṣì wà lára rẹ̀. Tóyìn jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà bí àlejò. Tolúlàṣẹ ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́ láàárọ̀, ó ti kó àwọn nǹkan rẹ̀ sínú páálí.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, kò sí ẹni tí kò ní gbà pé ìbànújẹ́ ni. "Bí wọ́n bá máa da iṣẹ́ yìí nù, ẹ jẹ́ ká kúkú mọ ohun tí a rí."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà kan yọ sójú ògiri.

Stephanie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Wait. Bọ̀dá Ọládẹ̀jọ, number yín nìyẹn. Èyí tí ẹ wọ̀n láyé ọjọ́un."

"Òun gan-an ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Kò yẹ̀. Ọládẹ̀jọ, o jàre. Ìwọ lo jàre látọjọ́ yìí."

Tolúlàṣẹ ń wo ojú ògiri, ẹkún àti ẹ̀rín jọ ń jà lójú rẹ̀. Ó gé kéèkì, ó fi sínú àwo, ó gbé e lọ bá Ọládẹ̀jọ, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe ń kúnlẹ̀.

"Ẹ kú oríire, bọ̀dá. Bí mo bá délé, màá máa sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ọládẹ̀jọ gba àwo náà. Kò jẹ. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri.

Tóyìn tẹjú mọ́ Ọládẹ̀jọ. Bí èèyàn bá fẹ́ ìyìn, ìyìn ti dé. Kó ṣáà jẹ kéèkì, kó sì dákẹ́. Ó ti bọ́ nìyẹn.

"Mò ń fi ránṣẹ́ báyìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "nọ́ńbà, àti orúkọ tí kọ̀ǹpútà dá." Ó na ìka.

"Sà."

Gbogbo wọn yíjú.

"Ẹ má fi ránṣẹ́, sà." Ọládẹ̀jọ gbé àwo sílẹ̀. "Nọ́ńbà yẹn kò tọ̀nà."

"Ó bá tìẹ mu."

"Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn, sà. Tèmi ni kò tọ̀nà. Bárìọ́nì yẹn kì í pẹ́ láyé tó bí mo ṣe sọ. Ẹ ò lè kọ ìyẹn jáde kí ayé tún máa gbé e kiri. Ẹ ò tíì ṣí aṣọ."

Ọkọ̀ ojú irin kan ń wọ ibùdó lẹ́yìn ilé.

"Òótọ́ lo sọ," ni Tóyìn wí jẹ́ẹ́jẹ́, látẹnu ọ̀nà. "Aṣọ wà níbi tó wà. Ọwọ́ lásán ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi kọ ti ara ògiri yẹn. Èmi àti òun nìkan ló yẹ kó mọ̀. Àwọn yòókù gbà á gbọ́, torí wọn ò rí òmíràn rí. Ìwọ, níbo lo ti rí òmíràn?"

Ọládẹ̀jọ jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí.

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa nígbà yẹn, mà. Nọ́ńbà yẹn ni mo fi di èèyàn. Oorun ò kùn mí mọ́. Mo ní kí n kàn yọjú lẹ́ẹ̀kan, orúkọ Tolúlàṣẹ ló sì wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà náà. Mo rí i pé mo ti ṣìnà látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan dé sí National Harbor, mo sunkún fún un. Òun ló sọ ọ́ síta."

"Ìbéèrè rẹ ló tú ọ fó," ni Tóyìn wí. "Ọdún méjì lo fi ń bi wọ́n. O wá dákẹ́."

Tolúlàṣẹ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó dìde. "Bọ̀dá, ẹ gbé àga fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n dá orúkọ mi. Ẹ fún mi ní tíṣù. Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀." Kò gbójú sókè. "Lójoojúmọ́ ni mo ń wí pé màá sọ ọ́ lọ́la. Èyí tó wà lára ògiri yẹn ni mi ò lè dákẹ́ sí. Ìwọ, mo lè dákẹ́ sí ọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù báyìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ̀ǹpútà sí iwájú Ọládẹ̀jọ. "Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀. Ohun tóo rí àti gbogbo ibi tóo fọwọ́ kàn lẹ́yìn rẹ̀. A ó yọ ọ́, a ó tún un ṣe. Tolúlàṣẹ ni yóò ṣí aṣọ lọ́jọ́ tó bá yẹ." Ó wo páálí ọmọ náà nílẹ̀. "Da nǹkan rẹ padà sórí tábìlì, jọ̀ọ́."

*

Òjò ti dá. Nínú ọgbà ọkọ̀, Tóyìn ju kọ́kọ́rọ́ sí Tolúlàṣẹ.

"Wà wá délé. Ṣebí káàdì ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà wà lọ́wọ́ rẹ."

"Màmá, ẹ ò rí i ni? Àwọn ọkọ̀ ti dí wa mọ́ àárín. Àfi kéèyàn fẹ̀yìn jáde."

"Mo rí i."

"Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń fẹ̀ẹ́lì."

"Kí ni iṣẹ́ rẹ, Tolúlàṣẹ? Ṣebí o ń tọ ipasẹ̀ padà sẹ́yìn lójoojúmọ́ ayé rẹ?" Tóyìn wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì fi bo ojú ara rẹ̀ pátá. "Ó yá. Aṣọ ti wà. Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. Bóo bá jáde tán, ìwọ ni kóo ṣí i."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ti há látọjọ́ yẹn, ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣíná mọ́tò. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ ìborùn nínú òkùnkùn ni orin ti tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu Tóyìn, ni ègbè tó sá fún un láti àárọ̀ àná bá kàn já lù ú lẹ́nu:

"Ipasẹ̀ ò purọ́, padà sẹ́yìn,
Ibi wọ́n ti pàdé lọ̀rọ̀ wà."

"Padà sẹ́yìn," ni Tolúlàṣẹ gbè é, ọwọ́ lórí sítíárìn.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣí aṣọ lójú Màmá. Títì ló wà níwájú wọn. Ọkọ̀ kankan kò fara kan wọn, ilé sì ti yá, níbi tí ẹ̀wà wà tí kò tíì jinná.